Àjà jà lọ́gbà àwọn àgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́: ẹ bá mi dá sí i

ỌmọÈkìtì_Florida

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ni mò ń ṣe ní St. Lucie County, Florida. Màmá òyìnbó kan, ẹni ọdún 84, ni mò ń lọ tọ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, nínú ọgbà kan tí wọn kì í gba ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 55. Ilé tírélà ló pọ̀ jù níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kàn nílé iṣẹ́, tí wọ́n á wá fi ọkọ̀ wọ́ ọ wá sórí ilẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá 2024 yìí, ìhà ìwọ̀ oòrùn ni gbogbo wa ń wò, torí ibẹ̀ ni wọ́n ní Hurricane Milton máa gbà wọlé. Ìjì òkun náà ò tíì dé etíkun rárá tí àjà, èyí tí wọ́n ń pè ní tornado níbí, fi já lù wá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́.

Ẹ ó ti gbọ́ ti Spanish Lakes Country Club Village nítòsí Fort Pierce. Èèyàn mẹ́fà ló kú síbẹ̀. Ọgbà àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni ibẹ̀ náà.

Orí yọ màmá tèmi. Balùwẹ̀ ló sá sí, ó fi ìrọ̀rí bo orí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó jẹ́ ká wọlé. Òrùlé yàrá rẹ̀ ti ká kúrò bí ẹní, àmọ́ ife tíì tó mu kù wà lórí tábìlì, kò dà. Fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wá lọ sí pálọ̀. Ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ wà lára ògiri, fọ́tò ò sí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà á sílé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lápá ibòmíì jìnnà réré, orí fóònù la ti ń sọ̀rọ̀. Ìwé màmá ti tutù, oògùn rẹ̀ ò pé, àwọn kan sì ti ń kan ilẹ̀kùn kiri pé káwọn àgbà fọwọ́ sí bébà, pé àwọn á bá wọn tún òrùlé ṣe. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á ní, "Ìgbà wo la ń lọ sílé?" Mo ti dá a lóhùn títí, mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ mọ́.

Ẹni tójú rẹ̀ bá ti rí irú èyí rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká kọ́kọ́ mú?

ÌyáÌbejì_Oklahoma

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ẹ kú ewu. Ẹ bá mi kí màmá.

Moore, ní Oklahoma, là ń gbé lọ́jọ́ 20 oṣù karùn-ún 2013. EF5 ni wọ́n pe àjà ọjọ́ yẹn, òun ló sì ga jù nínú òṣùwọ̀n wọn. Èèyàn 24 ló bá a lọ, ọmọ iléèwé méje wà nínú wọn. Ilé tiwa ò wó, àmọ́ ti àǹtí kan tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wó kanlẹ̀, èmi àti bàbá ìbejì la bá a ṣa ẹrù. Ohun tójú mi rí níbẹ̀ ni mò ń sọ.

Kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò. Ẹ ya ìta ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ wọlé ya yàrá kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá ya ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Fíríìjì, ẹ ṣí i, ẹ ya inú rẹ̀, ẹ ya nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Àǹtí tí mo ń sọ yẹn kì í lè wo ìdọ̀tí. Ó ti gbá ilé, ó ti wọ́ kápẹ́ẹ̀tì síta, wọ́n sì ti kó o lọ, kí ẹni ìnṣọ́ránsì tó dé. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì yẹn tó tán, kò sì rí owó rẹ̀ gbà tán. Bó bá di dandan kẹ́ ẹ ju nǹkan tó ti ń rùn nù, ẹ gé díẹ̀ lára rẹ̀ sínú ọ̀rá.

Òrùlé tó ṣí, ẹ wá ẹni tó lágbára kó fi tapólì bò ó, torí ìnṣọ́ránsì ń retí pé kí onílé dáàbò bo èyí tó kù. Ẹ má jẹ́ kí àgbàlagbà kankan gun àkàbà. Ríṣíìtì tapólì, ti òtẹ́ẹ̀lì, ti oúnjẹ, inú àpò kan náà ni kí gbogbo rẹ̀ wà.

Bàtà tó nípọn ni kẹ́ ẹ wọ̀. Lẹ́yìn àjà, ìṣó ló ń ṣe èèyàn léṣe jù, pátákó á dojú dé, èèyàn á tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ jáde, ẹ má tan nǹkan kan, ìta lẹ ti máa pe 911. Wáyà tó já sílẹ̀, ẹ gbà pé iná wà nínú rẹ̀, ẹ jìnnà sí i.

Ìwé tó tutù: ẹ má fipá ya á kúrò lára ara wọn. Ẹ kó o sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ gbé e sínú fìrísà ẹni tó níná, kó tó pé ọjọ́ méjì. Á dúró bó ṣe wà títí ọwọ́ yín á fi dilẹ̀ láti sá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò.

Ní ti fọ́tò ìgbéyàwó yẹn, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Àjà tó jà ní Alabama àti àyíká rẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù kẹrin 2011 gbé fọ́tò àti ìwé àwọn èèyàn wọ ìpínlẹ̀ mìíràn. Èyí tó rìn jù nínú wọn lé ní 200 máìlì. Orí Facebook làwọn tó ṣà wọ́n gbé wọn sí, ọ̀pọ̀ ló sì padà sílé olówó wọn. Ẹ wá ojú ewé àwọn ará àdúgbò yín, ẹ kọ ohun tó sọnù síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́_Tampa

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ohun tí Ìyá Ìbejì sọ ló dáa, àmọ́ ní tèmi, oògùn ló ṣáájú fọ́tò. Ilé tó ti ṣí ò tún lè ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ò rí oògùn fún ọjọ́ mẹ́ta lè di ohun mìíràn.

Ní Florida níbí, tí gómìnà bá ti kéde pàjáwìrì, òfin gbà kí famasí fún èèyàn ní oògùn ọgbọ̀n ọjọ́ kódà tí ọjọ́ àtigbà á ò bá tíì pé, ìnṣọ́ránsì rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ sọ pé ó ti yá jù. Ẹ mú ìgò oògùn tó ṣófo dání. Tí ìgò náà bá ti bá àjà lọ, ẹ lọ sí famasí tó ti máa ń gba oògùn tẹ́lẹ̀ tàbí ẹ̀ka wọn mìíràn, orúkọ rẹ̀ á wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Oògùn oníhóró tí omi kàn, ẹ dà á nù, ẹ má sá a sóòrùn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ: ínsúlíìnì lè wà níta fíríìjì fún ọjọ́ 28 tí ooru ibẹ̀ ò bá ju 86 lọ ní Fahrenheit, àmọ́ ẹ má fi í sínú mọ́tò rárá. Bí wíìlṣíà, ọ̀pá ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tàbí ẹ̀rọ ọ́síjìn tí Medicare, ìnṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbà, san owó rẹ̀ bá bàjẹ́ nínú ìjì, Medicare lè san ti òmíràn. Ẹ pè wọ́n lórí 1-800-633-4227.

Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ń ṣa ẹrù, ẹ bi dókítà yín ìgbà tẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn.

Ibi tó ká mi lára jù ni "ìgbà wo la ń lọ sílé" yẹn. Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi, torí mo ti rí i tí wọ́n sọ pé àgbàlagbà ti ń ṣarán, tí kò sì ṣarán rárá. Ẹ wo etí rẹ̀ ná. Ṣé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́rọ̀ wà? Ṣé bátìrì wà nínú rẹ̀? Ẹ wo ojú rẹ̀: jígí rẹ̀ ńkọ́? Eyín àtọwọ́dá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń rí oúnjẹ jẹ? Àgbà tí ò gbọ́, tí ò ríran dáadáa, tó jí sínú yàrá tí kò mọ̀, ó máa dà bí ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà. Omi tún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ò ní mu omi nílé onílé torí wọn ò fẹ́ máa lọ sí ilé ìtọ̀ lóru, kí wọ́n má yọ onílé lẹ́nu. Láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ. Tí ìyípadà náà bá ṣàdédé dé, tó ń wá tó ń lọ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, dókítà ni kẹ́ ẹ pè, ẹ má sọ pé àìsàn ọjọ́ ogbó ni.

Tí gbogbo ìyẹn bá wà dáadáa, tí ó ṣì ń béèrè ilé nírọ̀lẹ́, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ má tún sọ pé "ilé ti wó" lójoojúmọ́, torí bí ọ̀fọ̀ tuntun ló máa ń rí létí rẹ̀ nígbàkigbà. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ ní kó sọ nípa ilé náà fún yín. Ẹ tan iná yàrá kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ jẹ́ kí àkókò oúnjẹ àti àkókò oorun rẹ̀ wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ife tíì tẹ́ ẹ sọ pé kò dà yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún un.

Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀: 1-800-985-5990. Àwọn tó ń bá ẹni tí ìjàǹbá bá sọ̀rọ̀ nìyẹn, tọ̀sán-tòru. Fún màmá, àti fún ẹ̀yin náà.

ỌmọÌlọrin

Ẹ kúkú gbé màmá náà wá sílé yín. Ilé onílé ò dà bí ilé ọmọ ẹni.

Alágbàtọ́_Houston

@ỌmọÌlọrin, ọkàn rere ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn, nílé ohun tá a máa ṣe náà nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra níbí. Èmi ṣe é rí. Omi kún ilé bàbá kan tí mò ń tọ́jú, mo gbé e sùn sílé mi fún ọjọ́ márùn-ún, mo fún un lóúnjẹ, mo fún un ní bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi. Ilé iṣẹ́ tó gbà mí ní mo ti rú òfin, wọ́n dá mi dúró. Àbúrò bàbá náà tún béèrè ibi tí agogo ọwọ́ rẹ̀ wà. Inú omi lagogo wà. Ọlọ́run ló yọ mí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbà á sílé, kí ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ilé iṣẹ́ yín kọ ọ́ sílẹ̀, kí màmá fúnra rẹ̀ sì sọ pé òun fẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí fóònù lásán ò tó. Ẹ má fọwọ́ kan káàdì báǹkì rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ sí bébà kankan lórúkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ti àwọn tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Kọ́lékọ́lé_Orlando

Òrùlé niṣẹ́ mi, ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe é ní Florida. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ilé tírélà díẹ̀, torí ó yàtọ̀ sí ilé tá a kọ́ sórí ilẹ̀.

Ọdún 1976 ni HUD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin kan ṣoṣo de bí wọ́n á ṣe máa kàn án káàkiri Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí Hurricane Andrew fọ́ gúúsù Florida túútúú ní 1992, wọ́n mú òfin náà le sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ọdún tí wọ́n kan ilé. Lẹ́yìn ilé, níta, ẹ máa rí irin pélébé pupa kan tó ní nọ́ńbà. Bébà kan tún máa ń wà nínú ilé, lára kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná tàbí nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa iná ilé. Ẹ ya fọ́tò méjèèjì, ìnṣọ́ránsì á béèrè wọn.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún màmá pé ká ní ó ti so ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀. EF3 ni wọ́n kà èyí tó jà ní Spanish Lakes sí. Atẹ́gùn EF3 ń sáré 136 sí 165 máìlì ní wákàtí kan. Kò sí ilé tírélà tí wọ́n kàn fún irú ìyẹn, àtèyí tó ti pẹ́ àtèyí tó jẹ́ tuntun.

Ṣé ó ṣe é tún ṣe? Ẹ wo ilẹ̀kùn ná. Tí ilẹ̀kùn tó ń pa dé tẹ́lẹ̀ ò bá pa dé mọ́, tí fèrèsé bá ti wọ́, ó ṣeé ṣe kí irin ìsàlẹ̀ ti tẹ̀, òrùlé tuntun ò ní wo ìyẹn sàn. Ẹ tẹ ilẹ̀ inú ilé náà. Pátákó tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wú bí gàrí tí omi bá dà sí i, kì í sì í padà sípò. Irú ilé bẹ́ẹ̀, kí màmá má náwó lé e lórí.

Ní ti àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn: ẹ gba nọ́ńbà láísẹ́ǹsì wọn, ẹ wò ó lórí myfloridalicense.com níṣojú wọn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí láìní láísẹ́ǹsì lásìkò pàjáwìrì, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ló dá lábẹ́ òfin Florida, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀. Tí bébà tí wọ́n gbé wá bá ní kí màmá gbé ẹ̀tọ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, ẹ lé wọn jáde. Òfin ti fòpin sí ìyẹn lórí ìwé ìnṣọ́ránsì tí wọ́n bá fún èèyàn láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2023. Ẹni tó bá fẹ́ gba gbogbo owó kó tó gbé òòlù, kò ní padà wá. Mo ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà nínú iṣẹ́ náà, ó sì ń dùn mí. Bí wọ́n bá ta tapólì tàbí omi ní iye tí ń já ọkàn, ẹ pe ọ́fíìsì Attorney General, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Florida: 1-866-966-7226.

Akọ̀wé_Atlanta

Ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò tó ń ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ fi ti FEMA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ran ẹni tí ìjàǹbá bá lọ́wọ́, kún un.

Kí màmá tàbí ọmọ rẹ̀ pe 1-800-621-3362, tàbí kí wọ́n lọ sí DisasterAssistance.gov. Ẹ má dúró de ìnṣọ́ránsì kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀. FEMA ò ní san ohun tí ìnṣọ́ránsì ti san, àmọ́ ìwé tí ìnṣọ́ránsì bá kọ, ìbáà jẹ́ "a san" tàbí "a ò san", ni wọ́n máa fi ṣírò tiwọn. Owó kékeré kan tún wà fún oúnjẹ, omi àti ohun tó kánjú, $770 ni fún ìjì yìí. Wọ́n ń tàn án kiri pé ẹ̀yáwó ni, pé ìjọba á gba ilé ẹni tó bá gbà á. Irọ́ ni. Ẹ sọ fún àwọn àgbà ọgbà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀pọ̀ wọn ò ní forúkọ sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù yẹn. Àwọn mìíràn á ní "ẹ fún ẹni tó nílò rẹ̀ jù mí lọ", nígbà tó jẹ́ pé orí àga ni wọ́n ń sùn.

Ìwé pé òun ló ni ilé: tí ìwé ilé tírélà bá ti fò lọ, FEMA máa ń gba lẹ́tà tí àwọn tó ni ọgbà bá fọwọ́ sí. Ẹni tí FEMA bá rán wá wo ilé gbọ́dọ̀ ní káàdì tó ní fọ́tò rẹ̀ lára. Kì í gba kọ́bọ̀, kì í sì í béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín, torí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, olè ni.

Tí lẹ́tà bá dé pé kò tọ́ sí màmá, kó má ya á sọnù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ju pé ìwé kan ló kù. Ọgọ́ta ọjọ́ ló ní láti ìgbà tí wọ́n kọ lẹ́tà náà kó fi pe ẹ̀bẹ̀. Ẹ wo ojú ìwé náà dáadáa, ohun tó kù máa wà níbẹ̀. Jígí ojú, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ àti eyín tó sọnù nínú ìjì, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù náà. Èèyàn kì í rántí wọn.

Ohun kan tún wà tó kàn irú ọgbà yìí gan-an. Ilé jẹ́ ti màmá, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíì, ó ń san owó ilẹ̀ lóṣooṣù. Apá 723 nínú òfin Florida ló ń darí ìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kó fọwọ́ sí ìwé ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè bá a palẹ̀ mọ́, kó má fọwọ́ sí i kí agbẹjọ́rò tó kà á. Kó má sì ṣàdédé dá owó ilẹ̀ dúró láì gbàmọ̀ràn. Tẹ́ ẹ bá pe 211, wọ́n á darí yín sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò tí kì í gbowó.

Tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ máa ṣe nǹkan lórúkọ rẹ̀ láti òkèèrè, ìwé agbára (power of attorney) wà fún ìyẹn. Ní Florida, ẹlẹ́rìí méjì àti notary ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, orí màmá sì gbọ́dọ̀ pé lọ́jọ́ náà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

BàbáBùnmi_PortStLucie

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn wà lọ́dọ̀ wa nígbà tó jà. Òrùlé gáréèjì wa lọ, àpótí rẹ̀ wà níbẹ̀, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà nínú àpótí. Físà àlejò ló fi wọlé. Ṣé FEMA kàn án? Ẹ̀rù ń bà á, kò fẹ́ ká pe ìjọba kankan.

Akọ̀wé_Atlanta

Ẹ kú ewu, bàbá. Ẹ fọkàn màmá balẹ̀. Ibùdó ààbò, oúnjẹ, omi: kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé níbẹ̀. Owó FEMA ni kò ní tọ́ sí àlejò, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé lẹ máa forúkọ sílẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card kan ṣoṣo nínú ilé ti tó. Òbí tí kò ní ìwé pàápàá lè forúkọ sílẹ̀ lórúkọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí síbí.

Pásípọ́ọ̀tù: ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá pé ó sọnù nínú ìjì, kẹ́ ẹ kàn sí kọ́ńsúlétì Nàìjíríà ní Atlanta. Ẹ wá NIN rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ìwé I-94 tó ń sọ ọjọ́ tó yẹ kó padà wà lórí ayélujára, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lónìí kẹ́ ẹ lè mọ iye ọjọ́ tó kù. Tiyín tàbí ti ìyàwó, tí green card bá sọnù, fọ́ọ̀mù I-90 ni.

Lake2007

Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un. Lady Lake ni mo ń gbé lọ́jọ́ 2 oṣù kejì 2007. Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀ ni àjà dé, gbogbo èèyàn ti sùn. Èèyàn 21 ló kú ní Lake County lóru yẹn, inú ilé tírélà lọ̀pọ̀ wọn wà. The Villages náà, níbi táwọn àgbà pọ̀ sí, ó fọ́ ilé púpọ̀ níbẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, fóònù gbogbo wa dún títí ni. Ìkìlọ̀ àjà 126 ni wọ́n gbé jáde ní Florida lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, kò sí irú rẹ̀ rí níbí. Àmọ́ àgbà tó bọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kúrò létí kó tó sùn, kí ni ó fẹ́ gbọ́? Rédíò ojú ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń tà, NOAA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wo ojú ọjọ́, ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Irú rẹ̀ kan wà tí wọ́n so mọ́ nǹkan tó ń gbọn abẹ́ ìrọ̀rí, tó sì ń ṣẹ́ iná. Tí màmá bá ti ríbi tuntun, ẹ fi ìyẹn síbẹ̀ kí aṣọ fèrèsé tó dé ibẹ̀. Kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ibi tuntun náà: tí ìkìlọ̀ bá dé, ilé wo tó le là ń sá sí, ẹsẹ̀ mélòó ni sí ibẹ̀ fún ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́_Tampa

Jẹnẹrétọ̀! Mo gbàgbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ilé, ẹ sọ fún àwọn òyìnbó tó yí yín ká, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀. Kó jìnnà sílé ní 20 ẹsẹ̀ bàtà, kí èéfín rẹ̀ kọjú síta. Kì í ṣe inú gáréèjì, kì í ṣe lábẹ́ fèrèsé.

ỌmọÈkìtì_Florida

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo tún ń padà kà á.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí. Famasí fún màmá ní oògùn ọgbọ̀n ọjọ́, wọn ò jẹ́ ká san ju iye tó máa ń san lọ. Ẹ̀rọ etí rẹ̀, abẹ́ ibi ìfọwọ́ nínú balùwẹ̀ ni mo ti rí ọ̀kan, èkejì ò sí. @Nọ́ọ̀sìAlẹ́, ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tó ti ń mi orí sí mi tí kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ, èmi sì rò pé ìbànújẹ́ ni. Nígbà tí mo fi èyí tó kù sí i létí, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo ti jẹun.

Mo gbé ife náà lọ fún un. Ó gbá a mú ní ọwọ́ méjèèjì kó tó jẹ́ kí n da tíì sínú rẹ̀. Ó ṣì béèrè ilé nírọ̀lẹ́, mo ní kó sọ nípa ilé náà fún mi. Ó sọ títí oorun fi gbé e lọ. Mo wá mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ló gbin igi òroḿbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Igi náà ṣì wà nídùúró, mo máa ya fọ́tò rẹ̀ fún un lọ́la.

Ọmọ rẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú FEMA, ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì fún ọ̀rọ̀ ìwé agbára. Bébà òrùlé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ìyá àgbà tó wà ní ilé kẹta sí tiwa ti fọwọ́ sí tirẹ̀ kí n tó dé. Mo ti fún un ní nọ́ńbà 211, mo sì máa bá a pè é nígbà tí mo bá débẹ̀ lọ́la.

Fọ́tò ìgbéyàwó, a ò tíì rí i. Àmọ́ nígbà tí mò ń wá a nínú koríko lẹ́yìn ọgbà, mo rí ti ẹlòmíì: ọkùnrin kan tó wọ aṣọ sójà dúdú, obìnrin kan tó di òdòdó mú, igun kan ti ya. Wọ́n fi bírò kọ "1961" sẹ́yìn rẹ̀, kò sí orúkọ. Mo ti fi omi tó mọ́ ṣan án, mo tẹ́ ẹ sórí tówẹ́ẹ̀lì, ó ti ń gbẹ. Mo gbé e sórí ojú ewé Facebook àwọn ará ibí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ láwọn ọgbà yòókù ní Fort Pierce àti Port St. Lucie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi han àwọn àgbà yín, bóyá ẹnì kan á mọ̀ wọ́n.